Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí Ó Le, Ìdánwò Ìgbaniwọlé, àti Ọmọ Orí Òkè Ìdáàṣà

Gbaffo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn arrondissement mẹ́wàá tí ó para pọ̀ di Dassa-Zoumè, láàrin àwọn òkè olókùúta tí ẹkùn Collines ti gba orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí a bá bí síbẹ̀ ń gbọ́ èdè Ìdáàṣà, tí í ṣe ẹ̀ka Yorùbá, láti ẹnu ìyá rẹ̀. Bí ó bá dé ilé-ẹ̀kọ́, Faransé ni olùkọ́ yóò fi kí i káàbọ̀. Nígbà tí ó bá wọ sixième, Gẹ̀ẹ́sì yóò tún dé bá a níbẹ̀, ọdún méje ni yóò sì fi bá a jìjàkadì kí ó tó jókòó ṣe baccalauréat. Bí ó bá wá ní ẹbí ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, tí ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí yunifásítì ìhà ibẹ̀, ìdánwò mìíràn ń dúró dè é, èyí tí kò bìkítà pé Faransé ni ó fi kọ́ ìṣirò.

Ohun tí ẹ óò sábà rí lọ́wọ́ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìwé àjákọ kan tí ó fi ń to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó le: ọ̀rọ̀ kan lápá òsì, ìtumọ̀ kan lápá ọ̀tún, títí ewé ìwé yóò fi tán. Ó ń há wọn sórí lóru, ó sì ń gbàgbé ìdajì wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn òbí ń wò ó tìyanu-tìyanu. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbà pé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ohun tí ó kan àwa tí Faransé jọba lé lórí. Ìtàn irú àkójọ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí pé ìtàn náà gùn ju bí a ti rò lọ, ọwọ́ àwọn baba wa sì wà nínú rẹ̀ ju bí wọ́n ti kọ́ wa nílé-ẹ̀kọ́ lọ.

Ilé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ni kí a kọ́kọ́ yà sí. Ní ọdún 1066, William, olórí ilẹ̀ Normandy, kó ogun ja ilẹ̀ wọn, ó sì gbà á. Láti ìgbà náà, fún nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún, Faransé ni èdè ààfin, òun ni wọ́n fi ń dájọ́, òun náà ni àwọn ọlọ́lá fi ń jẹun. Ẹni tí ó ń da màlúù lóko ń pè é ní “ox”. Ẹni tí ó ń jẹ ẹran rẹ̀ ń pè é ní “beef”, kò sì sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Dassa tí kò ní gbọ́ “bœuf” nínú rẹ̀. “Sheep” wà ní pápá, “mutton” wà nínú àwo. Lẹ́yìn èyí, ní nǹkan bí ọdún 1500 sí 1600, àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọ̀rọ̀ Látìnì àti Gíríìkì wọlé bí ẹni ń fi agbọ̀n bu iyanrìn, tó bẹ́ẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kò fi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́.

Ní ọdún 1604 ni olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Robert Cawdrey tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó pè ní A Table Alphabeticall. Nǹkan bí 2,500 ọ̀rọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Kò wá omi, kò wá ilé, kò wá ajá kiri. Ọ̀rọ̀ tí ó le nìkan ni ó kó jọ, àwọn tí wọ́n yá láti inú èdè Hébérù, Gíríìkì, Látìnì àti Faransé. Ó sì kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé nítorí àwọn obìnrin àti àwọn tí kò kàwé púpọ̀ ni òun ṣe ṣe é. Ìwé yìí ni a kà sí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́kọ́ wáyé. Samuel Johnson kò gbé ìwé ńlá tirẹ̀, tí ó ní ọ̀rọ̀ tí ó lé ní 42,000, jáde títí di ọdún 1755. Ẹ kíyè sí i: ìwé àjákọ ọ̀rọ̀ líle, irú èyí tí ọmọ Gbaffo gbé lọ́wọ́ yìí gan-an, ni ìyá gbogbo ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá rò pé wọ́n bí àwọn ọ̀rọ̀ náà mọ́ Òyìnbó ni, kí ó mọ̀ pé Òyìnbó pẹ̀lú há wọn sórí ni.

Orí omi ni Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ti pàdé kí wọ́n tó pàdé lórí ìwé, òwò ẹrú ni ó sì mú wọn pàdé. Freetown ní Sierra Leone ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lọ. Àwọn ará wa pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n fún wọn ní orúkọ tuntun, Akú, nítorí “ẹ kú, ẹ kú” tí kì í kúrò lẹ́nu wọn. Hannah Kilham kọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1828. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àlùfáà John Raban tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òyìnbó ni àwọn méjèèjì, etí àlejò ni wọ́n sì fi gbọ́ ohun tí wọ́n kọ.

Láàrin àwọn Akú wọ̀nyí ni Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, wà. Ọdún 1821 ni wọ́n mú un lẹ́rú, nígbà tí ó tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, ní oṣù kẹfà ó gúnlẹ̀ sí Freetown. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà, òun ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun ní Gẹ̀ẹ́sì láìfi bẹ́ẹ̀ kọsẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró níbí díẹ̀. Oṣù mẹ́fà! Ní ọdún 1822, kò tíì sí ìwé atúmọ̀ tí ó so èdè ìyá Àjàyí pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó kọ́, láti inú ohun tí ó rí, tí ó gbọ́, tí ó sì kà ni ó ti fa ìtumọ̀ wọn yọ. Ní ọdún 1825 wọ́n rì í bọmi, ó sì di Samuel Crowther. Ní 1826 ó rí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà àkọ́kọ́, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní Islington fún ìwọ̀nba oṣù, nígbà tí wọ́n sì ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827, ó wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ó bá wọn lọ sí ìrìn-àjò Odò Ọya ní 1841. Ní 1843, ọdún tí wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ìwé rẹ̀ jáde: Vocabulary of the Yoruba Language.

Apá méjì ni ìwé náà ní. Ti àkọ́kọ́ gba Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Yorùbá, ti èkejì gba Yorùbá padà sí Gẹ̀ẹ́sì, àlàyé gírámà sì ṣáájú méjèèjì. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, apá kan ti tó o. Crowther sọ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé bí òun bá ń tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ kan àti oríṣiríṣi ìlò rẹ̀, ó máa ń mú òun wọ inú àṣà àti ìtàn àwọn Yorùbá lọ jìnnàjìnnà. Nígbà tí ó sì tún ìwé náà ṣe ní 1852, ó kó òwe rẹpẹtẹ sínú rẹ̀, kí òǹkàwé lè rí bí ọ̀rọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí àwọn olùkọ́ èdè òde òní ń pariwo, pé inú gbólóhùn ni kí a ti kọ́ ọ̀rọ̀, ọmọ Òṣogùn ti ṣe é kí a tó bí àwọn baba ńlá wọn.

Láti ìgbà náà ni Gẹ̀ẹ́sì ti di àtẹ̀gùn ní ìhà Èkó. Ní oṣù kẹfà ọdún 1859, Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Crowther, ṣí CMS Grammar School. Fourah Bay darapọ̀ mọ́ yunifásítì Durham ní 1876, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ Èkó lè gba oyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láì rékọjá òkun ńlá. Àwọn mìíràn jókòó sílé, wọ́n ń fi lẹ́tà kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Báyìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe gba oyè nínú ẹ̀kọ́ òwò ní 1944. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948 lábẹ́ Lọ́ńdọ̀nù kan náà, àjọ ìdánwò ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí a mọ̀ sí WAEC sì dé ní 1952. Gbogbo ilẹ̀kùn wọ̀nyí, kọ́kọ́rọ́ kan ni ó ṣí wọn, Gẹ̀ẹ́sì sì ni kọ́kọ́rọ́ náà.

Nǹkan tí ènìyàn bá fi ń wọlé, bó pẹ́ bó yá, yóò fi ṣe fáàrí. Inú ọ̀rọ̀ “grammar” ni Yorùbá ti yọ “gírámà”, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ní ó ń sọ gírámà lónìí, kì í ṣe òfin èdè ni ó ń kọ́ni. Ọ̀rọ̀ kàǹkà-kàǹkà ni ó ń dà sórí ẹni tí kò gbọ́. Àpẹẹrẹ tí ó dùn jù lọ ni ti Adégòkè Adélabú, olóṣèlú Ìbàdàn, ọmọ Government College àti Yaba Higher College, tí ó pe ìwé rẹ̀ ti ọdún 1952 ní Africa in Ebullition. Mélòó nínú àwọn tí ń dìbò fún un ni ó mọ “ebullition”? (Òǹkàwé Faransé mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ kan náà: omi tí ó ń hó.) Ọ̀gbẹ́ni yìí náà ni ó fi “peculiar mess” bú àwọn alátakò rẹ̀, tí àwọn ará Ìbàdàn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n sọ ọ́ di “pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì”, tí ó sì di ọ̀rọ̀ Yorùbá títí di òní. Adélabú kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1958. Ọ̀rọ̀ líle kan ṣoṣo tí ó yè kooro lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí àwọn tí kò lọ sílé-ẹ̀kọ́ tún rọ.

Ní 1978 ni ìjọba Nàìjíríà dá JAMB sílẹ̀, kí ìdánwò kan lè wà fún gbogbo yunifásítì dípò kí olúkúlùkù máa ṣe tirẹ̀. Orúkọ ìdánwò náà ti yí padà. UTME ni wọ́n ń pè é láti 2010, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ń ṣe é báyìí. Ohun tí kò yí padà ni pé dandan ni Gẹ̀ẹ́sì fún gbogbo ẹni tí ó bá jókòó ṣe é, ì báà jẹ́ ìṣègùn ni ó fẹ́ kọ́ tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀. Nínú 180 ìbéèrè, 60 jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù ní 40, 40. Inú ọgọ́ta yìí ni wọ́n ti ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn, kí a wá èyí tí ó sún mọ́ ọn jù lọ ní ìtumọ̀, tàbí èyí tí ó ta kò ó.

Ṣùgbọ́n àwa kò sí ní ìhà ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ìlà kan láti etí òkun lọ sókè títí dé ìlà kẹsàn-án, Kétu, Ṣábẹ àti Ìdáàṣà sì bọ́ sí ìhà Faransé. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni lórí òkè léèrè. Nígbà tí ogun Faransé fi borí Dànhọ̀mẹ̀ láàrin 1892 sí 1894, àwọn Ìdáàṣà tí ogun ọba Abọmẹ ti yọ lẹ́nu tipẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kan, wọ́n sì bọ́ sọ́wọ́ òmíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú ti kọ ìwé kan tí ó jíròrò bí ìṣàkóso méjèèjì ṣe mú Yorùbá ìwọ̀-oòrùn gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàrin 1889 sí 1945. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ sí i, kí ó wá a rí.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́, ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ ń fi Yorùbá kọ́ bí a ti ń kàwé ní kíláàsì àkọ́kọ́, nítorí pé àwọn míṣọ́nárì ti ní ìwé Yorùbá nílẹ̀. Lábẹ́ Faransé, òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 1924 kà á léèwọ̀ pé kí olùkọ́ fi èdè ìbílẹ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà wa tí ó lọ sílé-ẹ̀kọ́ láyé ìgbà náà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní signal, tí àwọn mìíràn ń pè ní symbole: ohun kékeré kan tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, tí kò sì lè bọ́ ọ kúrò àfi bí ó bá mú ẹlòmíràn tí ó ṣe irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kọ́ Faransé, a kò lè ṣe àìsọ bẹ́ẹ̀. Ó sì kọ́ ohun kan mọ́ ọn: láti máa ṣọ́ ẹnu ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwa pẹ̀lú ní ìdánwò ìgbaniwọlé tiwa. Láti ilé-ẹ̀kọ́ Victor Ballot ní Porto-Novo, ìwọ̀nba ọmọ Dahomey díẹ̀ lọ́dọọdún ni ó ń yege láti wọ École William Ponty ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, ní erékùṣù Gorée ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Sébikotane. Gbogbo ilẹ̀ Faransé ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó ń du àyè ibẹ̀. Hubert Maga, tí ó di ààrẹ àkọ́kọ́ ní 1960, gba ọ̀nà yìí kọjá. Àwọn ọmọ Dahomey tayọ nínú ìwé débi pé Emmanuel Mounier, nígbà tí ó rin ìrìn-àjò ní apá ibí ní 1947, sọ ilẹ̀ wa ní Quartier latin ti Áfíríkà, ìnagijẹ tí a kò jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀ mọ́. Gbogbo akitiyan yìí, orí ọ̀rọ̀ Faransé ni a ná an sí. Gẹ̀ẹ́sì di èdè ọjà àti ti ẹbí òdìkejì ìlà. Nílé-ẹ̀kọ́, ó di ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Nígbà tí yunifásítì tiwa sì dé ní 1970, èdè Faransé ni ó fi ń kọ́ni.

Kí a tó padà sí orí òkè wa, ẹ jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ kan tẹ Amẹ́ríkà, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ fi mímọ ọ̀rọ̀ líle wọn ọpọlọ ènìyàn. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹfà ọdún 1926, akẹ́kọ̀ọ́ 8,040 jókòó ṣe ìdánwò tuntun kan tí wọ́n pè ní SAT. Ìbéèrè 315 ni, ìṣẹ́jú 97 ni wọ́n fún wọn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àti òdìkejì ọ̀rọ̀. Carl Brigham ni olórí àwọn tí ó ṣètò rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti kọ ìwé kan ní 1923 tí ó fi sọ pé ẹ̀yà kan ní ọpọlọ ju ẹ̀yà kejì lọ, ó sì gbé e karí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ní 1930, òun fúnra rẹ̀ jáde sọ pé ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò dúró, pé a kò lè fi ìdánwò tí a ṣe ní èdè kan díwọ̀n ọpọlọ ẹni tí a tọ́ ní òmíràn. Ṣùgbọ́n ìdánwò náà ti rìn jìnnà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn alátakò SAT fi ń ṣe àpèjúwe. Wọ́n ní kí ọmọ rí i pé bí sárésáré ti rí sí eré ìje ọ̀nà jíjìn, bẹ́ẹ̀ ni atukọ̀ rí sí “regatta”, ìyẹn ìdíje ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ olówó tí bàbá rẹ̀ ní ọkọ̀ mọ̀ ọ́n. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ní àárín ìgboro kò gbọ́ ọ rí. Mo ń rò ó bí ìbéèrè náà ì bá ti rí láàrin tiwa: ọmọ etí ọ̀sà Èkó, tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń fi ọkọ̀ du ara wọn nígbà ọdún, yóò gbà á lẹ́sẹ̀ kan náà, ọmọ Gbaffo, tí òkúta ni ó yí i ká, yóò ní kí wọ́n bi òun ní ti gígun àpáta. Ta ni ó gbọ́n jù nínú àwọn méjèèjì? Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi gbọ́: ní 1994 wọ́n yọ òdìkejì ọ̀rọ̀ kúrò, ní 2005 wọ́n yọ irú ìfiwéra yìí, ní 2016 wọ́n yọ gbólóhùn alálàfo, wọ́n ní inú àyọkà ni kí ọmọ ti fi hàn pé òun mọ ọ̀rọ̀.

Wàyí o, kí ni ọmọ Gbaffo ní lọ́wọ́ tí ó bá gbé ìwé àjákọ rẹ̀ kalẹ̀? Ó ní ohun tí ọmọ Ìbàdàn kò ní. Ẹ ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ènìyàn: “benevolent”, “tenacious”, “loquacious”, “arduous”, “pernicious”, “ephemeral”. Ọmọ Ìbàdàn ní láti kọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá mọ bienveillant, tenace, loquace, ardu, pernicieux àti éphémère ti mọ̀ wọ́n tán kí ó tó rí wọn. Ogun ọdún 1066 ni ó ń jẹ èrè rẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ tí ó le fún Gẹ̀ẹ́sì ni ó rọrùn fún un. Èyí tí ó rọrùn fún Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fẹ̀gún gún un lẹ́sẹ̀: “shrewd”, “yearn”, “shallow”, “stubborn”, àti àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọ́n so ìrù mọ́, bí “put up with”, tí kò ní ìbátan kankan nínú Faransé. Ìwé àjákọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá ti ọmọ Ìbàdàn dọ́gba rárá. Bí ó bá lọ ra àkójọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọmọ Nàìjíríà tàbí ti Amẹ́ríkà, ìdajì owó rẹ̀ ni ó fi ra ohun tí ó ti ní nílé.

Àfi kí ó ṣọ́ra fún àwọn ìbejì èké. “Actually” kì í ṣe actuellement. Òótọ́ ni èkíní ń sọ, àkókò ìsinsìnyí ni èkejì ń sọ. Inú “library” ni a ti ń yá ìwé kà, inú librairie ni a ti ń rà á. “Sensible” ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹni tí ó ní làákàyè. Sensible ti Faransé jẹ́ ẹni tí nǹkan tètè ń dùn. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ọ̀rọ̀ líle ogún, tí ó sì ṣubú sórí ọ̀kan nínú wọ̀nyí.

Yorùbá náà kò sì jókòó lásán. Ọmọ tí ó lè ti inú “mọ̀” yọ ìmọ̀, àìmọ̀, onímọ̀, aláìmọ̀kan àti amòye ti mọ bí èdè ti ń bímọ. Kí ó wo “credible”, “incredible”, “credulous”, “discredit” bí ọmọ ilé kan náà, kí ó wá baba wọn lọ nínú croire. Nígbà tí ó bá pàdé “circumspect”, kí ó rántí ẹni tí ó wo ọ̀tún, tí ó wo òsì, kí ó tó rìn. Ohun tí Látìnì ìdí ọ̀rọ̀ náà ń wí nìyẹn gan-an. Ibi tí Yorùbá bá sì ti lè ṣì í lọ́nà, Faransé wà níbẹ̀ láti fà á padà. “Yá” ni à ń lò fún ẹni tí ó gbà àti ẹni tí ó fúnni. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí “borrow” àti “lend”, àwọn ọmọ Yorùbá ìhà Nàìjíríà sì ń ṣi méjèèjì lò títí wọ́n fi ń dàgbà. Ọmọ Dassa tí ó ti kọ́ emprunter àti prêter kò ní ìdí láti ṣì í.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí ìwọ̀n. Michael West, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣiṣẹ́ ní Bengal, ṣe ìwé atúmọ̀ kan pẹ̀lú J. G. Endicott ní 1935, nínú èyí tí ó fi ọ̀rọ̀ 1,490 péré ṣàlàyé gbogbo ẹgbẹẹgbẹ̀rún yòókù. Ní 1953 ó tẹ àkójọ nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀ tí ó wúlò jù lọ. Ọmọ tí ó fò wọ́n dá, tí ó lọ bá “obfuscate”, dà bí ẹni tí ó ń fi abẹ́bẹ̀ jó tí kò tíì wọ ṣòkòtò. Olùkọ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ní kí ó fi ọ̀rọ̀ kéékèèké túmọ̀ ọ̀rọ̀ ńlá, ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó wá Faransé rẹ̀.

Àti Ìdáàṣà ńkọ́? Ibí ni ó ti ń dùn mí. Àwọn ọmọ wa ń kọ ọ̀rọ̀ èdè ẹlòmíràn jọ ní ojú ewé lé ojú ewé, orúkọ àwọn ewéko tí ó wà láàrin àpáta, ti oúnjẹ ọdún, ti irú òkúta tí a fi ń lọ nǹkan, kò sì sí nínú ìwé àjákọ ẹnikẹ́ni. Signal ti kúrò lọ́rùn wọn. A kò tíì rí ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀. Kò ná wọn ní ju ìlà kẹta lọ lójú ewé kan náà: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Ìdáàṣà. Èyí tí ó bá ṣòro láti kún, kí wọ́n lọ bi ìyá àgbà.

Ẹni tí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ọlábíyìí Babalọlá Yáì, ọmọ Ṣábẹ, lọ sí Sorbonne, ó lọ sí Ìbàdàn, ó kọ́ni ní Ifẹ̀, ní Bahia àti ní Florida, ó sì ṣe alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ UNESCO láti 2007 títí di 2009, kí ó tó papòdà ní 2020. Faransé ni ilé-ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ fún un, gẹ́gẹ́ bí ó ti fún gbogbo wa. Síbẹ̀ ní 1996, ó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè kan jáde ní Amẹ́ríkà. Apá méjì ni ó ní, bíi ti Crowther: Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá.